Ohun Tí Mo Wò Kí A Tó Kó Lọ sí Iléṣà

Ó lé ní ọdún kan tí èmi àti ọkọ mi fi ń lọ, tí a fi ń bọ̀, láàárín Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Aránṣọ ni mí, aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé ni mo sì ń rán jù lọ. Màámi ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí dókítà lóṣooṣù. Nítorí náà, kì í ṣe pé owó ilé ibì kan kéré sí ti Ìbàdàn nìkan ni mo lè fi kó ẹrù lọ síbẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo wá rí i pé ó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tí mo kọ sínú ìwé mi lọ: owó tó ń yí nínú ìlú yìí, ọ̀dọ̀ ta ni ó ti ń wá, ìgbà wo ni kì í sì í wá?

Ifẹ̀ ni a kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ nílé-ẹ̀kọ́, láti Lágere títí dé Mayfair kò sì sí ibi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ sí. Mo rí fúláàtì kan ní Ọ̀nà Ẹdẹ tí ó wù mí gan-an, ejẹ́ńtì sì ń sọ sí wa létí pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá sanwó. Owó ọdún méjì ni wọ́n ń béèrè, láìka owó ejẹ́ńtì àti owó ìwé àdéhùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ti ń tajà ní Lágere láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge, ni wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, má tíì sanwó. Padà wá nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sílé."

Mo padà lọ. Ìdajì àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo rí nígbà àkọ́kọ́ ni ó wà ní títì. Àwọn ọlọ́kadà jókòó sórí alùpùpù wọn ní àárọ̀ kutukutu láìrí èrò gbé. Ẹ̀gbọ́n mi wá sọ bí ó ti rí fún wọn ní ọdún 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yan iṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Àwọn ọmọ tí ń ra oúnjẹ, tí ń ṣe irun, tí ń tẹ ìwé, kò sí nílùú. Ìjọba kò sì san owó oṣù àwọn olùkọ́ fún àkókò tí wọn kò fi ṣiṣẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àpò méjèèjì tí ọjà ń gbẹ́kẹ̀ lé fi gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ṣọ́ọ̀bù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 1967 tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti kó láti Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀, èyí tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, ni ìhà yẹn nínú ìlú ti ń tẹ̀ lé ètò ọdún ẹ̀kọ́. Ìbùkún ńlá ni fún Ifẹ̀, n kò sì ní jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé omi odò náà ń kún, ó sì ń fà.

Ọ̀rọ̀ ilé náà tẹ̀ lé e. Nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lè san ju ohun tí ìdílé kan lè san lọ, ọ̀pọ̀ onílé ní ìhà yunifásítì ti pín ilé wọn sí yàrá kéékèèké. Fúláàtì tí ìdílé lè gbé kò pọ̀ mọ́ níbẹ̀, ìwọ̀nba tó kù sì gbówó lórí. Bí kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni oníbàárà rẹ, Ìlódè, Òkè-Ìtasẹ̀ tàbí ọ̀nà Oǹdó ni kí o ti kọ́kọ́ wá ilé. Níbẹ̀, ìdílé ni aládùúgbò rẹ, ọjà kì í sì í parẹ́ pátápátá nígbà ìsinmi.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè, èyí ni pé ìjọba ìbílẹ̀ wo gan-an ni ilé náà wà. Ilé-Ifẹ̀ wà lábẹ́ Ifẹ̀ Àárín Gbùngbùn àti Ifẹ̀ Ìlà-Oòrùn, Iléṣà náà sì pín sí Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, òun náà ni ọ̀rọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìtọ́jú aláìsàn kéékèèké kàn. Bí a bá sì ní ká wá iye ènìyàn inú ìwé, ìkànìyàn ọdún 2006 ni a ṣe gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí a kà nígbà náà ti di òbí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo dúró sí oríta ní aago méje àárọ̀, ní àdúgbò mẹ́ta nínú ìlú méjèèjì, mo ń ka àwọn ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ìwé, mo sì ń wo ara aṣọ náà bóyá ó ti gbó. Lẹ́yìn náà mo ka iye aránṣọ tó wà ní òpópónà kan náà. Kò sí ìwé tí ó lè sọ èyí fún mi.

Iléṣà kò pariwo bí Ifẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé ìrìn àjò àkọ́kọ́ kò dùn mọ́ mi nínú, nítorí ó dà bíi pé ìlú náà ń sùn. Nígbà tí mo fara balẹ̀ ni mo rí i pé orísun owó ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ilé-iṣẹ́ ọtí bíà ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún 1978. Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù. Ní ọdún 2022 ni òfin sọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ni ibẹ̀ di Yunifásítì Iléṣà, àwọn onílé tó wà nítòsí rẹ̀ sì ti ń tún yàrá ṣe. Òwò náà wà lára Ìjẹ̀ṣà láti ìgbà òṣómàáló, tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn orísun wọ̀nyí tó tóbi tó ti Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí gbogbo wọn gbẹ lọ́jọ́ kan náà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tún fẹ́ràn láti kọ́lé sílé. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá ni ó wà tí onílé ń gbé ní Èkó tàbí lókè òkun, tó jẹ́ pé ìgbà ọdún Ìwúde ní oṣù Kejìlá nìkan ni ó ń sùn síbẹ̀. Ìdílé lè rí ibùgbé tó dára gba níbẹ̀ ní owó tí kò wọni lára. Ẹ má kàn sanwó fún ẹni tí ń tọ́jú ilé. Mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà fóònù onílé, mo bá onílé fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo sì béèrè bóyá yóò padà wálé láàárín ọdún mẹ́ta.

Omi ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi. Orí àpáta ni ìlú méjèèjì wà, nítorí náà kànga tó kún dẹ́nu ní oṣù Kẹsàn-án lè má ní ju ẹrẹ̀ lọ ní oṣù Kẹta. Oṣù Kejì ni mo lọ yẹ ilé wò, mo fa omi fúnra mi, mo sì béèrè lọ́wọ́ ìyá tí ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pé ibo ni wọ́n ti ń pọnmi nígbà ọyẹ́. Fún ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìbéèrè kan tún kún un: ṣé àwọn tí ń wa góòlù kò sí nítòsí? Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ń wa góòlù ní Ṣẹ́gilọlá láti ọdún 2021, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wà á láìgba ìwé àṣẹ ni wọ́n ń da odò rú, n kò sì fẹ́ kí màámi mu omi bẹ́ẹ̀.

Lórí iná, ẹ má bi onílé, ẹ bi ẹni tí ń ta ẹja tútù. Ẹ wo mítà pẹ̀lú, nítorí ní Ìbàdàn, gbèsè ayálégbé tó ṣáájú wa bọ́ sí wa lọ́rùn, ó sì tó ọdún kan kí a tó san án tán.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kò pín wa níyà, nítorí Wesley Guild àti èyí tó wà ní Ifẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka ilé ìwòsàn yunifásítì kan náà, ọ̀nà àárín ìlú méjèèjì kò sì ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Tí wọ́n bá darí wa láti ọ̀kan sí èkejì, a lè lọ kí a sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ilé ni a gbà ní Bọ́lọ́rundúró ní Iléṣà, fún ọdún kan péré. A kò tíì ra ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fi lọ̀ wá lójoojúmọ́. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti wà lábẹ́ gómìnà, síbẹ̀ ọwọ́ ẹbí ni a ṣì ń rà á, ẹni kan nínú ẹbí sì lè tà á láìsọ fún àwọn yòókù. Ọkọ mi ti rí èyí tó wù ú. Lóṣù tó ń bọ̀ ni yóò gbé ìwé àwòrán ilẹ̀ náà lọ sí Òṣogbo, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba kò ti gbà á, èmi yóò sì lọ kí àwọn aládùúgbò ibẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè rí ibi tí àgbàrá ń gbà.