Imú Tí Wọ́n Ń Bù, Imú Tí À Ń Fi Kún

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fi kágò ránṣẹ́ láti Laleli, àdúgbò ọlọ́jà kan ní Istanbul, sí Èkó. Mo ti mọ òtútù Istanbul, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà láìpariwo, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò tíì mọ́ mi lára títí di òní: bí àwọn ará Tọ́kì ṣe ń gbé imú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún kiri ìgboro. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú tíráàmù T1 tó ń ti Kabataş bọ̀, ọmọbìnrin kan jókòó síwájú mi, pílásítà funfun lórí imú, abẹ́ ojú méjèèjì dúdú bí ẹni tí wọ́n lù. Ó ń jẹ simit, búrẹ́dì wọn tó rí bí òrùka, ó ń tẹ fóònù. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá àgbàlagbà kan tó fẹ́ sọ̀ ní Beyazıt kàn sọ fún un pé "geçmiş olsun", ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí àwa ń wí nígbà tí a bá ní "Ọlọ́run á ṣe é láṣemọ" náà ni.

Ká ní Ìbàdàn ni, nínú mọ́tò tó ń ti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, gbogbo ọkọ̀ á ti dá sí i. Ṣé ọ̀kadà ló gbé ẹ ṣubú? Ṣé ọkọ ló lù ẹ́? Ẹnì kan á ti máa júwe ilé ẹni tó ń to egungun, ẹlòmíì á ti di ojú, á ti máa gbàdúrà. Kó wá la ẹnu pé òun lòun fowó òun ṣe é, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni èébú á bẹ̀rẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé àwa kì í tún imú ṣe o. Màámi ló wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nílé wa. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun. Tí wọ́n bá fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná, wọ́n á fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e fún ọ̀pá imú ọmọ, wọ́n á rọra fà á síwájú lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kó má baà pẹlẹbẹ. Ọmọ á máa ké, Màámi á máa kì í. Imú kò gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu rí, nítorí gbogbo wa la gbé imú bàbá wa. Ká má tíì sọ̀rọ̀ àwọn olóolà. Gbangba ni wọ́n ti kọ àbàjà bàbá bàbá mi, agbo ilé ń wò, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi pamọ́. Mi ò mọ ìgbà tí títún ojú ṣe wá di ohun àṣírí mọ́ wa lọ́wọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì l'Ékòó, tẹ̀ mí láago. "Àǹtí, mo fẹ́ wá ṣe imú." Kí n tó dáhùn, ó ti fi kún un: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá o. Mo ti ní ọjà ni mo fẹ́ wá rà." Imú bàbá mi ló wà lójú ọmọ yìí gẹ́lẹ́: orí imú tó tóbi, ihò tó yà. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, mo sì sọ fún un. Ó ní kì í ṣe èmi ni wọ́n ń fi fọ́tò mi ṣẹ̀sín.

Ó ti kó sọ́wọ́ aṣojú kan, irú àwọn tó ń bá ilé ìwòsàn wá oníbàárà, kó tó pè mí. Mi ò ní dárúkọ ẹni náà. Fọ́tò mẹ́ta ló gbà lórí WhatsApp, ó gba owó àsansílẹ̀, ó ní kapalı ni wọn yóò ṣe fún un, àpá kankan ò ní sí. Dókítà kankan ò tíì fojú kan imú náà. Owó yẹn ò padà wá títí di òní.

Kí n ṣàlàyé, nítorí ọ̀rọ̀ méjì yìí, açık (ti ṣíṣí) àti kapalı (ti pípadé), ni wọ́n fi ń polówó kiri níbí. Nínú kapalı, inú ihò imú ni dókítà ti máa la gbogbo ibi tó bá máa là. Abẹ ò kan ìta rárá. Nínú açık, á tún la awẹ́ ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ihò méjèèjì, á wá ká awọ imú sókè bí ẹni ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Mẹkáníìkì tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ń rí gbogbo ẹ́ńjìnnì. Èyí tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò tó na ọwọ́ sókè, ìka rẹ̀ ló fi ń ríran. Bó bá mọṣẹ́, mọ́tò á ṣiṣẹ́, ara ọkọ̀ ò sì ní ní ìpalára: kapalı kì í sábà wú pẹ́ bíi ti kejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé fi ìka wá.

Àríyànjiyàn yìí ti wà tipẹ́. Ní 1887, John Orlando Roe, dókítà kan ní Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, kọ̀wé lórí bó ṣe ń tún imú ṣe láti inú. Ní 1898, Jacques Joseph ní Berlin dín imú ọkùnrin kan kù, ẹni tí ìtìjú imú náà kì í jẹ́ kó lè jáde sáàárín èèyàn. Ìta ni Joseph ti gé e, kó tó di pé òun náà yí sí ti inú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Júù ni, púpọ̀ nínú àwọn tó wá bá a sì jẹ́ Júù tí kò fẹ́ kí imú máa jẹ́rìí ìran wọn níta. Ti ṣíṣí kò gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà àfi lẹ́yìn tí Wilfred Goodman ní Toronto kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1973. Nígbà tí mo ka ti Joseph yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tí oníbàárà mi kan júwe. Wọ́n bu kolonya olóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́ sí wa lọ́wọ́, wọ́n gbé tíì wá, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò gbogbo. Dókítà náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e mú orí imú ọmọ náà, bí Màámi ṣe máa ń ṣe gan-an. Ó fún awọ rẹ̀, ó wo bó ṣe nípọn tó. Ó wá fi ìka kan tẹ orí imú náà: ó wọlé wọ̀ọ̀, bíi búrẹ́dì tútù, kò tètè padà sípò.

Mo túmọ̀ ohun tó sọ. Ó ní púpọ̀ nínú àwọn ará Tọ́kì tó ń wá sọ́dọ̀ òun, ọ̀pá imú tó yọ gànnà lókè ni wọ́n ń fẹ́ kí òun bù. Awọ wọn sábà máa ń fẹ́lẹ́, egungun wà lábẹ́ rẹ̀ tó pọ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ sì ṣeé ṣe láti inú. Àwọn kan wà ní Istanbul níbí tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń dín egungun náà kù, tí òrùlé imú á kàn rọra jókòó wálẹ̀ láìfọ́. "Ṣùgbọ́n tìrẹ," ó ní, "kò sí ohun tí mo fẹ́ bù níbẹ̀." Bí òun bá bù ú, awọ tó nípọn ò ní sún kì láti bá ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ mu, orí imú á kàn rí rogodo ni. Fífi kún ló nílò. Òun á mú egungun rírọ̀ láti ara ògiri tó pín imú sí méjì nínú. Bí kò bá tó, ẹ̀yìn etí, tàbí egungun ìhà. Òun á gbé e dúró bí òpó lábẹ́ orí imú, òun á rán an mọ́ ibẹ̀. Rírán yẹn ni òun fẹ́ fi ojú rí. Açık ni.

Ó kù kan tí aṣojú yẹn ò sọ. Bí ọmọ náà bá fẹ́ kí ihò imú fún pọ̀, eteetí ibi tí imú ti pàdé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa gé, àpá á sì wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ kapalı, ìbáà jẹ́ açık. Gbogbo "kò ní sí àpá" tó ń dún lórí Instagram, fún imú tí wọ́n ń bù ni wọ́n kọ ọ́, tí wọ́n wá ń tà á fún imú tí à ń fi kún.

Ọmọ náà fi etí rẹ̀ hàn án, ibi tí àpá yẹtí ti ga sókè tó le kókó. Dókítà tẹ̀ ẹ́, ó bi í bóyá irú rẹ̀ wà níbòmíì lára, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àárín ojú kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní fọwọ́ sọ̀yà. Èmi tí mo ti ń fura sí gbogbo wọn, ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀. Ó ní kó lọ rò ó. Ó padà s'Ékòó, ó rò ó fún oṣù mẹ́ta, ó tún wá.

Ní ilé ìwòsàn, bíi tilé náà ni: aláìsàn kì í dá sùn. Refakatçi ni wọ́n ń pe èmi tí mo sùn tì í, wọ́n tilẹ̀ ní àga gbọọrọ fún mi. Nílé, ẹni tó dúró ti aláìsàn ló ń sáré kiri pẹ̀lú ìwé oògùn lọ́wọ́, òun ló ń ra gíláàfù, òun ló ń gbé fúláàsì oúnjẹ wá. Níbí, wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà lẹ́ńtì wá fún àwa méjèèjì, mo kàn jókòó ṣáá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá kí wa. Nílé, èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọn ì bá ti yí bẹ́ẹ̀dì yẹn ká kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kí ohùn èèyàn lè wà nínú yàrá. Ẹnu ló fi ń mí mọ́jú.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ní òun fẹ́ jáde. Pílásítà lójú, ó wọ tíráàmù pẹ̀lú mi dé Eminönü, ó ra ẹja nínú búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ létí omi. Ó ń wò yí ká bóyá ẹnì kan ń wo òun. Kò sí. "Àǹtí," ó ní, "ìlú yìí mà rọrùn o." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, mi ò mọ ìdí. Wọ́n ṣí pílásítà lẹ́yìn ọjọ́ méje. Imú náà wú, dókítà sì ti sọ pé fún awọ bíi tiwa, wíwú orí imú lè gba ọdún kan kó tó lọ tán. Bí ilà bá jinná tán ló ń doge. Àpá ìsàlẹ̀ kò gùn ju èékánná ìka kékeré lọ; àfi kéèyàn dọ̀bálẹ̀ kó tó rí i.

Oṣù kejì bọ́ sí Iléyá. Ó lọ sí Ìbàdàn, àwọn ọmọ sì pè mí sórí fídíò kí n lè bá wọn ṣọdún. Mo rí i tí Màámi ní kó sún mọ́ àwọn, tí wọ́n ki awò bojú, tí wọ́n gbá a lágbọ̀n mú.

"Imú ẹ wú," Màámi ní. "Ṣé òtútù ọ̀hún náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Òtútù ni."

Màámi yí ojú sí ilé ìdáná. "Ẹ bá mi gbé omi gbígbóná wá."