Ẹrù Tí Ò Tó Nǹkan

Iṣẹ́ lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bọ̀, iná ò sì tíì dé.

"Kò ní pẹ́ kó lọ. Ẹrù tó kó wá náà ò kúkú tó nǹkan." Ìyá Ìbejì tá a jọ ń gbé ilé ló ń sọ ọ́ nípa mi lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N ò bínú o. Àbí mo bínú? Nígbà tí mo kúrò níbi tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀, ohun tí ọwọ́ mi lè gbà lọ́jọ́ náà ni mo kó wá síbí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń wo ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn nǹkan eléérú yẹn wà níbẹ̀, tó pẹlẹbẹ bí ègúsí tí wọn ò tíì bó, téèyàn á pè ní ìdọ̀tí àfi bó bá rìn. Ó yọ orí àti ẹsẹ̀, ó di ògiri mú, ó ń wọ́ ilé rẹ̀ tuurutu. Mo fi ṣáṣá ìgbálẹ̀ tọ́ ọ, ó wọlé fìrí. Nígbà tó yá, orí yọ lódìkejì! Ẹnu ọ̀nà méjì ló ní, àárín tó fẹ̀ ló ti ń yí padà.

Ìdin àfòpiná kékeré kan ni. Phereoeca làwọn onímọ̀ ń pè é, ìbátan àwọn tó ń jẹ aṣọ onírun. Òwú ara rẹ̀ ló fi ń kọ́lé, á wá lẹ iyanrìn àti eruku mọ́ ọn. Ilé aláǹtakùn tó ti gbó, irun, òkú kòkòrò, wọ̀nyẹn loúnjẹ rẹ̀. Bó bá ń dàgbà, kì í kó jáde, ńṣe ló ń fẹ ilé náà lójú. Annette Aiello, onímọ̀ nípa kòkòrò tó kọ̀wé nípa ẹ̀yà kan nínú wọn ní Panama ní 1979, rí i pé nǹkan bí ọjọ́ 50 ló fi ń jẹ́ ìdin. Lẹ́yìn náà, á so ilé mọ́ ògiri lórí-nídìí, á di oníyẹ̀ẹ́. Kì í jẹun mọ́ látìgbà náà.

Mo fẹ́ sọ pé òun náà ò lẹ́rù. Irọ́ ni, ẹrù ni gbogbo ayé rẹ̀. Èmi ńkọ́? Mátírẹ́ẹ̀sì, sítóòfù, báàgì méjì. Ìyá Ìbejì ò kúkú purọ́. Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e ni...

Ó tó. Akunlé ń bọ̀ ní Sátidé, mo gbọ́dọ̀ gbá ògiri.

Ẹ wò ó, Ìyá Ìbejì ló ń kanlẹ̀kùn un. Iyọ̀ ni wọ́n ń wá. Mo bù ú fún wọn, mo tún fi ata gígún kún un. N ò mọ ohun tó sún mi ṣe é.