Kọ̀ǹpútà Tó Ń Làágùn Lórí Ìjókòó

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí mo máa ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n rà, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè dé ìdajì, bátìrì yóò ti kú pátápátá. Èyí tó ń bí Bàbá Akọ̀wé nínú jù, ẹni tó ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ni pé kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà ní gbogbo àkókò àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Wọn yóò kàn ṣí áàpù tí wọ́n fi ń ṣírò owó ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni, wọn yóò káwọ́ gbera, fáànù inú kọ̀ǹpútà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í han débi pé àwọn tó jókòó sẹ́yìn kì í mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣe àmín.

"Ẹnjiníà," ni wọ́n wí fún mi, "ẹ̀rọ tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, kí ló ń mú un làágùn?"

Oníkálukú ti ní ìdáhùn tirẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó kàn mí. Ìyá Akápò ní ooru tó ń ti ara àpáta Olósùnta wá ni. Ẹlòmíràn ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé ọmọ ẹnìkan ló ki fláàṣì bọ̀ ọ́ láti kó orin. Wọ́n tiẹ̀ ti gbé e lọ fún ẹnìkan tó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, tó sì gbowó, fáànù náà sì ń han bọ̀ wálé.

Mo gbé áàpù náà sísàlẹ̀ kí àyè lè gbà mí, mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager, ojú ìwé Windows tó ń fi iṣẹ́ tí áàpù kọ̀ọ̀kan ń ṣe hàn, sì jáde. Mo wo iye CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí áàpù náà ń lò: òdo. Láìpẹ́, fáànù dákẹ́. "Ó ti rí ẹni tó ń bẹ̀rù!" ni gbogbo ilé wí. Mo gbé áàpù náà padà sókè, fáànù tún figbe ta. Mo gbé e sísàlẹ̀, ó tún dákẹ́, bí ọmọ tó ń da ilé rú láti àárọ̀ tó wá di ọmọlúàbí nígbà tó rí àlejò.

Nínú Options ni mo ti yan Always on top, kí Task Manager lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí áàpù náà láìbò ó tán. Ìgbà yẹn ni àṣírí tú: 25%, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fojú kéré irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé prọ́sẹ́sọ̀ mẹ́rin, bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú CPU, ni Windows ń kà lórí ẹ̀rọ náà, bí a bá sì pín 100 sọ́nà mẹ́rin, 25 la ó rí. Ọ̀kan nínú wọn ló ń sáré àsápajúdé láìsinmi tí àwọn mẹ́ta yòókù ń sùn. Ká ní ẹ̀rọ oníprọ́sẹ́sọ̀ 8 ni, 12.5% péré ni ìbá fi hàn, bóyá kò sì ní í ká ẹnikẹ́ni lára.

Mo ṣí Process Explorer, áàpù tó ń tú inú áàpù mìíràn wò, mo wo abẹ́ Threads, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tí áàpù kan ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo rí thread kan ṣoṣo tó gba gbogbo rẹ̀, àwọn orúkọ tó sì kún inú rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ yíya ojú kọ̀ǹpútà lọ: yà á, nù ún, tún un yà. Mo wá rántí pé lọ́dún 2017, àwọn tó ń lo Visual Studio Code, áàpù tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, rí i pé igi tín-ín-rín tó máa ń ṣẹ́jú níbi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ń jẹ tó 13% CPU fúnra rẹ̀, nítorí pé ìgbà 60 ni wọ́n ń tún un yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń yí padà láàárín àkókò náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ń mira lójú kọ̀ǹpútà yìí.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí i, tó ń wọ́ jẹ́jẹ́ láti ọ̀tún lọ sí òsì: Ẹ KÚ ÀBỌ̀ SÍ ẸGBẸ́ WA, LÁBẸ́ ÌṢÀKÓSO OLÓYÈ ALÁGA WA, ERIN TÍ Ń MI IGBÓ KÌJIKÌJI. Mo wo ojú Bàbá Akọ̀wé, Bàbá Akọ̀wé wo òrùlé. Olóyè fúnra wọn ló ní kí ẹni tó ṣe áàpù náà fi í síbẹ̀, Olóyè sì rèé lórí àga níwájú mi, pẹ̀lú fìlà àti ìrùkẹ̀rẹ̀.

Mo lọ sí ibi ètò áàpù náà, mo yọ àmì tó mú kí ọ̀rọ̀ ìkíni máa rìn. Láti 25, ó já sí òdo, fáànù sì pa lọ́lọ́.

"Kí lo yọ?" ni Ìyá Akápò bi mí, nítorí pé àwọn ló ń ra epo bẹntiróòlù.

"Ọ̀rọ̀ ìkíni tó ń rìn nísàlẹ̀ yìí ni, Mà."

Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n kà á tán, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Háà! Erin yìí ló ń mu epo wa láti ọdún tó kọjá!"

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Olóyè dúró kí ariwo rọlẹ̀, wọ́n wú ikọ́ díẹ̀. "Orúkọ Akápò náà wà lókè níbẹ̀. Ṣé tiwọn kì í jẹ bátìrì ni?"

"Ó dúró sójú kan ni, Bàbá."

Wọ́n ronú sí i fúngbà díẹ̀. "Kí tèmi náà dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n kó tóbi ju tiwọn lọ."

Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Erin náà gba ojú kọ̀ǹpútà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo orúkọ àwọn ajigbèsè, CPU kò kúrò lójú òdo, bátìrì sì bá wa dé orí àdúrà ìparí. Ìyá Akápò wá fa ìjókòó mọ́ mi, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí a ṣe ń ṣí Task Manager, nítorí pé àwọn fẹ́ máa ṣọ́ erin náà lóṣooṣù.