Ìgbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì dákẹ́

Lóru àná ni mo ṣe ohun tí mo ti ń fi àwọn ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí láti ọjọ́ yìí. Mo pa rédíò lẹ́nu mọ́.

Aago mẹ́rin ìdájí ti kọjá díẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà ní sítúdíò, ẹ́ńjìníà wà ní yàrá kejì. Mo parí ọ̀rọ̀ mi, mo pa máíkì, mo tẹ ètò tí a ti gbà sílẹ̀ kí ó máa lọ, mo wá fẹ̀yìn ti àga. Ohùn náà ń dún ketekete létí mi. Àfi bí iná tẹlifóònù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú (tẹlifóònù sítúdíò kì í dún, kí agogo rẹ̀ má baà bọ́ sínú máíkì). Mo gbé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé kò sí nǹkan níbẹ̀ yẹn? Ẹ kàn ṣàdédé dákẹ́."

Mo ní kò sí nǹkan, mà, bóyá rédíò yín ni. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí ojú mi fi bá òṣùwọ̀n ohùn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja sápá òsì, kò mira. Iná kejì tún ti ń ṣẹ́jú.

Ẹ́ńjìníà já wọlé. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìdákẹ́jẹ́ ti ta á lólobó. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Tẹlifóònù ló gbà lọ́wọ́ mi: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ó ń hó ṣààà ni, àbí ó dákẹ́ rọ́rọ́?" Màmá ní ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni. Ó yíjú sí mi: "Ọ̀dọ̀ rẹ ni."

Ọgbọ́n tó fi mọ̀ ọ́n dùn mọ́ mi, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí. Ìgbì tó ń gbé ohùn wa dà bí ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà, èrò ì báà wà nínú rẹ̀, ó ì báà ṣófo. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń ti orí òpó jáde, rédíò FM á dákẹ́ jẹ́ẹ́ dè é. Bí ìgbì náà bá já, ìgbà yẹn ni yóò máa hó. Ariwo ojú sánmọ̀ tó máa ń da rédíò láàmú ni Edwin Armstrong, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ń bá fà á kó tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí FM lọ́dún 1933.

Fédà ètò náà, ohun tí a máa ń tì sókè kí ohùn tó lè jáde, ni mo gbàgbé sísàlẹ̀. Kíù ni mo ti ń gbọ́ ọ, níbi tí a ti ń yẹ ohùn wò kó tó jáde. Gbogbo ohun tó ń dún mọ́ mi nínú hẹ́dífóònù, èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ rédíò KDKA ní Pittsburgh, Amẹ́ríkà, ń ka èsì ìbò ààrẹ tí Harding fi borí Cox. Wọ́n ń kà á, wọ́n ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ pé kó jọ̀wọ́ fi tó wọn létí, kí wọ́n lè mọ ibi tí ohùn àwọn dé. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Mo ti ń sọ̀rọ̀ lóru láìmọye ìgbà tí iná tẹlifóònù kò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni ẹni mẹ́ta pè.

Àwọn ọkọ̀ òkun ní tiwọn mọ̀ọ́mọ̀ máa ń dákẹ́ ni nígbà kan rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣẹ́jú 3, ẹ̀ẹ̀mejì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí 500 kHz, ìgbì tí wọ́n fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n lè gbọ́ ẹni tó ń rì lókèèrè tí ohùn rẹ̀ kò lágbára. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí àwọn ìṣẹ́jú náà lójú aago yàrá rédíò wọn.

Mo ti kọ tèmi sínú ìwé iṣẹ́: ohùn sọnù fún ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ohun tó fà á: fédà. Ẹni tó fà á: èmi. Ẹ́ńjìníà bu ọwọ́ lù ú, ó ní kí n lọ pe màmá yẹn padà, kí n sọ fún un pé rédíò rẹ̀ kò bàjẹ́.