Màmá Ṣakí Dín Oúnjẹ Aláǹtakùn

Ẹran tí mo tọ́jú fún aláǹtakùn, Màmá Ṣakí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wá kí wa, ti sọ ọ́ di ìpápánu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Lẹ́yìn ilé wa, láàárín fẹ́ǹsì àti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, abo aláǹtakùn kan ta àwọ̀n síbẹ̀. Ó sanra, ìlà yẹ́lò àti dúdú wà lára rẹ̀, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Argiope. Ẹ ó ti rí irú wọn rí lóko. Orí ni wọ́n ń dà kodò sí àárín àwọ̀n, wọ́n á pa ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ ní méjì méjì, ẹni tí ò bá wò ó dáadáa á ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ní.

Mo fẹ́ yà á ní fọ́tò láti ìtòsí, ìgbà tí ẹran bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú àwọ̀n gan-an ni mò ń wá. Aláǹtakùn yìí kì í kọ́kọ́ gé ẹran náà jẹ. Á sáré débẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fa òwú jáde nídìí ara rẹ̀, á máa yí ẹran náà bírí-bírí bí ìyá ẹlẹ́kọ ṣe ń pọ́n ẹ̀kọ séwé. Kí ẹ tó pajú dé, ó ti di ẹrù. Ìgbà yẹn ni yóò tó gé e jẹ, tí yóò da omi tó ń yọ́ ẹran sí i, tí yóò sì máa fà á mu. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ hàn débi tí èèyàn á fi rí irun ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ò kéré. Tí lẹ́ǹsì bá ti sún mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ibi tó máa ń mọ́ kedere nínú fọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà kan lọ. Ojú á mọ́, ikùn á ṣe bàìbàì. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ó parí. Bí mo bá mí sí i, ìyá yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn àwọ̀n títí èmi gan-an ò fi ní rí i mọ́. Àwọn kan gbà pé kéèyàn jókòó de ohun tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó sínú àwọ̀n, pé fífi ẹran síbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọlúàbí. Ó dáa. Àwọn yẹn kì í jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Mo mú tata nínú ìrì, mo kó wọn sínú abọ́ áísìkiriìmù. Ìdérí abọ́ náà ni mo ti gé bo iná kámẹ́rà, kí iná má bàa máa dán gbinrin lára aláǹtakùn, nítorí náà ọ̀rá ni mo fi dé abọ́, mo fi rọ́bà dè é, mo dá ihò sí i. Inú fíríìjì ni mo gbé e sí. Òtútù kì í jẹ́ kí tata lè ta pútú. Tí ooru bá tún kàn án, á jí, á máa tàpá. Ìtàpá yẹn gan-an ni mo fẹ́.

Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tó máa ń wà nínú abọ́ áísìkiriìmù nílé wa. Áísìkiriìmù kọ́.

Wọ́n ti mú iná lọ láti òru. Láàárọ̀ Sátidé, tí mo kúnlẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mò ń to kámẹ́rà, àwọn tata ti ń jí nínú fíríìjì, Màmá Ṣakí sì wà ní kíṣìnnì. Wọ́n ń gbọ́ pá, pá-pá. Ẹlòmíràn ì bá ti pe pásítọ̀. Màmá ṣí fíríìjì, wọ́n tú ọ̀rá, wọ́n yọjú wo inú abọ́, inú wọn dùn.

Òórùn òróró àti àlùbọ́sà ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ ò rí abọ́ kan nínú fíríìjì?"

"Ìwọ náà! O tọ́jú tata, o ò sọ fún mi. Díẹ̀ ló kù kó bà jẹ́."

Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ. Ìyẹ́ wà lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ wà lọ́tọ̀, àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gígùn tó lẹ́gùn-ún wínní-wínní yẹn, tí mo ti ń fojú inú rí nínú fọ́tò.

"Màmá, aláǹtakùn ló ni wọ́n."

Wọ́n dá ṣíbí dúró. "Ta ni?"

"Aláǹtakùn. Mo fẹ́ yà á ní fọ́tò níbi tó ti ń jẹun."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n wo ẹrẹ̀ tó wà lórúnkún mi. "Iṣẹ́ tí ìyá rẹ ní o ń ṣe yẹn, ṣé o ṣì ń lọ?"

Mo gbé kámẹ́rà wá, mo fi ojú aláǹtakùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ hàn wọ́n. Wọ́n bi mí ohun tó ń fi mẹ́jọ wá kiri nígbà tó jẹ́ pé ojú kan ló jókòó sí. Wọ́n bu tata sínú àwo fún mi. Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé, n ò níí parọ́.

Nígbà tí mo padà dé ìdí àwọ̀n, oyin kan ti kó sí i, ó ti di ẹrù funfun, ìyá ti ń fà á mu lọ ní tirẹ̀. Fọ́tò tí mo rí yà mọ́ kedere: òwú funfun, àti ìyẹ́ oyin kan tó yọ ṣóńṣó síta.

Láàárọ̀ Sunday, Màmá ti ṣáájú mi dénú ìrì, abọ́ mi wà lọ́wọ́ wọn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo bẹ̀ wọ́n fún ẹyọ kan péré, kódà kó jẹ́ èyí tó kéré jù.

"Aláǹtakùn tó ní àwọ̀n tirẹ̀?" Màmá fi ọ̀rá dé abọ́. "Kó máa dẹ ẹ́."