Ògiri Kì í Ṣe Tèmi, Ọmọ-ọmọ Tèmi Ni

Ọmọkùnrin kan tí kò tó àbígbẹ̀yìn mi ló wá yẹ ilé wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ejẹ́ǹtì onílé ló rán an wá. Ó gbé bàtà wọ pálọ̀, ó pe orúkọ mi gan-an, èyí tí ìyá mi sọ mí, kò fi “mà” kún un, ó wá nàka sí ògiri. Ó ní gbogbo àpá ọ̀rá yẹn, àwọn máa yọ owó rẹ̀ nínú dípọ́síìtì mi, owó tí mo fi sílẹ̀ nígbà tí mo gba ilé. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n rẹwà o, àmọ́ kí n já wọn.

Ti dípọ́síìtì kọ́ ló dùn mí. Ìyẹn ní òfin tirẹ̀ ní Ẹ́ńgíláǹdì: láti 2007 ni onílé ti gbọ́dọ̀ fi owó náà sábẹ́ ètò ààbò tí ìjọba fọwọ́ sí, bí a bá sì kó jáde tí a ò gbà pẹ̀lú ohun tí wọ́n yọ, ibẹ̀ la ó ti ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Orúkọ mi tó pè ló dùn mí. Kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú Òde, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí.

Blu Tack, nǹkan rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ bébà mọ́ ògiri, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rá wà nínú ẹ̀. Bó bá pẹ́ lára ògiri, ọ̀rá yẹn á wọnú ọ̀dà, bí a bá sì fà á já, ọ̀dà á bá a wá. Ní báyìí, mo ti ta okùn láti ara ìṣó tí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ kàn dé orí kọ́bọ́ọ̀dù ìwé, mo sì fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há àwọn àwòrán sí i. Mo jìnnà sí fèrèsé. Oòrùn ìlú yìí tí kò lè gbẹ ẹ̀lùbọ́, ẹ wò ó bó ṣe ń pa àwọ̀ bírò aláràbarà àwọn ọmọdé rẹ́.

Nílé wa, ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n gbé àwòrán ọmọdé kọ́ ògiri? Fótò Bàbá nínú agbádá, lókè téńté, tó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ bá èèyàn wí. Kàlẹ́ńdà Ojúde Ọba. Fótò ìṣílé. Ọmọ tó bá fẹ́ dé ara ògiri yẹn, kó lọ gba ìwé ẹ̀rí kó sì wọ gáùn aláwọ̀ dúdú. Èyí tó bá fi èédú ya nǹkan sára ògiri, àtòrì ni. Ìwé iṣẹ́ àmúrelé tèmi ní prámárì, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe pé wọ́n ti fi pọ́n àkàrà fún ẹnì kan.

Àwọn tibí ń kó bébà bọ̀ láti ilé ìwé ṣáá ni. Oṣù Kẹwàá, tí wọ́n máa ń ṣe oṣù ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Bìrìtìkó láti 1987, ni èyí ẹ̀gbọ́n ya “ilé Màmá àgbà ní Nàìjíríà”. Ahéré ni, wọ́n fi koríko bò ó. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gèlè mi tóbi ju ilé lọ. Kìnnìún sì jókòó síwájú ilẹ̀kùn. Ilé alájà méjì tí bàbá wa fi owó kòkó kọ́! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo bi í pé kí ni kìnnìún ń wá. Ó fi òyìnbó dá mi lóhùn pé ó ń bá mi ṣọ́ ilé ni, torí mi ò sí ńbẹ̀.

Ẹ̀rín mi tán síbẹ̀.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ kíà, ìyẹn títọ́jú àwọn arúgbó, ni mo ṣe. Ìyá òyìnbó kan wà tí mò ń wẹ̀ fún, àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bo fíríìjì rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé àpótí ìdalẹ̀nù onírin ńlá wá síwájú ilé. Mo kọjá níbẹ̀. Mo rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo rí àwọn àwòrán náà lórí rẹ̀, òjò ń pa wọ́n, tadáwà ń ṣàn. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe ìkà. Onílé ń retí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọn ò sì láyè nílé tiwọn.

Ohun tí ọmọ mi obìnrin náà ń sọ nìyẹn: “Mọ́mì, ẹ ya fótò wọn, kí ẹ kó bébà dànù.” Mò ń ya fótò àwọn kan. Èyí tí wọ́n bá fi gúlù lẹ mákàróní mọ́, fótò nìkan ló tọ́ sí i, nítorí eku. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ bá ki, mi ò ká a, mi ò ṣẹ́ ẹ po. Á ṣí bọ́ lára bébà. Ṣe ni mo tẹ́ ẹ sínú páálí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítòsí aṣọ òkè mi. Mi ò kó wọn sókè àjà, torí ọ̀rinrin. Mo fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ohun tó ní òun yà sẹ́yìn, torí láàárín oṣù méjì, òun fúnra rẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Ti kìnnìún kò sí nínú páálí. Mo gbé e lọ sílé ní Kérésìmesì, mo há a sáàárín páálí méjì nísàlẹ̀ báàgì, àwọn nǹkan tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí rà wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, ó pòṣé. Àfi bó ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe férémù, tó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.

Lánàá ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ní àgbà ìjọ kan wá kí òun, ó tẹjú mọ́ ògiri, ó wá rọra béèrè bóyá lóòótọ́ ni bàbá wa sin kìnnìún nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, méjì.