Dọ́là Méjì Tí Wọ́n Ká Sí Mẹ́rin

Alẹ́ Ọjọ́rú

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹsẹ̀ ń ro mí, ọbẹ̀ àná wà nínú fíríìjì tí mi ò tíì gbé e kaná, ṣùgbọ́n iná orí tábìlì ni mo kọ́kọ́ tàn. Owó kan wà nínú báàgì mi tí mo ti ń fọwọ́ kàn láti aago méjì ọ̀sán, bí ẹni pé ó lè fò lọ.

Dọ́là méjì Jàmáíkà ni. Ó pupa, ó ti rọ̀ bí àlòkù aṣọ, wọ́n ká a sí mẹ́rin, ojú ibi tí wọ́n ti ká a sì ti ń funfun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù ṣírò: 1.20, 35 lábẹ́ rẹ̀, ó fa ìlà, ó kọ 1.55. Mo gbé e síwájú iná, ọ̀pẹ òyìnbó yọ nínú bébà náà wẹ́rẹ́. Òun ni wọ́n máa ń fi pamọ́ sínú bébà owó wọn nígbà yẹn. Márùn-ún rẹ̀ ló wà lára àmì orílẹ̀-èdè wọn.

Màmá kan ló kó o lé mi lọ́wọ́, nílé tí a ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní gúúsù London níbí. Inú Bíbélì rẹ̀ ló ti yọ ọ́. A ò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn, mo sì sọ fún un. Ó ní ta ló fún mi ní ẹ̀bùn, pé kí n mú un lọ wò, kí n dá a padà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bí ọ̀gá wa ṣe ní kí n ṣe: dọ́là Jàmáíkà méjì, yíyá, di ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń kó owó àwọn erékùṣù Karibéánì jọ, àwọn tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Dọ́là mẹ́ta Bahamas ló kó mi sí i. Ta ló ń tẹ owó mẹ́ta-mẹ́ta? Mo kọ́kọ́ pè é ní ayédèrú, àfi ìgbà tí mo kà pé nígbà tí wọ́n fi pọ́n-ùn sílẹ̀ fún dọ́là ní 1966, ṣílè méje ni wọ́n kà sí dọ́là kan. Dọ́là mẹ́ta wá di ṣílè mọ́kànlélógún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá pọ́n-ùn kan, ìyẹn ogún ṣílè, tó ti mọ́ wọn lára dọ́gba. Ká sọ tòótọ́, Bahamas ò gba òmìnira títí di 1973, kò yẹ kí èyí wà nínú àkójọ mi rárá. Mi ò ní yọ ọ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ràn owó tí ọwọ́ ò kàn rí, èyí tó le gan-an bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan ta dọ́là márùn-ún fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó búra pé kò sẹ́ni tó ná an rí. Mo dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, mo rí ìlà kan gbọọrọ láàárín. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́ bí aṣọ ọjọ́ Àìkú. Ìńkì tó yẹ kó yọ díẹ̀ lábẹ́ ìka ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógójì mi wọmi. Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ owó tí wọ́n ti ná. Owó tí wọ́n ti ná kì í ṣe ojú ayé.

Ọdún kan ṣoṣo tó wà lára dọ́là méjì yìí ni 1960, ó sì máa ń tan ẹni tuntun jẹ. Ọdún òfin tó dá báǹkì àpapọ̀ wọn sílẹ̀ ni, kì í ṣe ọdún tí owó jáde. Ibùwọ́lù gómìnà báǹkì là ń wò: G. Arthur Brown, tó wà nípò láti 1967 di 1977. Jàmáíkà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1962, ṣùgbọ́n orí Elizabeth, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń ná fún ọdún méje sí i, títí dọ́là fi dé ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 1969. Márùn-ún ni orí tó rọ́pò tirẹ̀, orí àwọn akọni Jàmáíkà: Garvey lórí àádọ́ta sẹ́ǹtì, Bustamante lórí dọ́là kan, Paul Bogle lórí méjì, Norman Manley lórí márùn-ún, George William Gordon lórí mẹ́wàá. Manley kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án náà, ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí owó tó gbé orí rẹ̀ jáde.

Bogle ni mo ń wò lálẹ́ yìí. Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ní Stony Gut. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá 1865, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ Morant Bay, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì pa àwọn aláwọ̀ dúdú tó lé ní irinwó. Wọ́n so Gordon, aṣòfin tí wọ́n fẹ̀sùn ìjà náà kàn, kọ́ ní ọjọ́ 23, wọ́n so Bogle ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Nínú orí márùn-ún, méjì ni ìjọba so kọ́! Haiti náà ṣe bẹ́ẹ̀: Sanité Bélair, obìnrin ológun tí àwọn Faransé yìnbọn pa ní 1802, òun ló wà lórí gourde mẹ́wàá tí wọ́n fi ṣàjọ̀dún igba ọdún òmìnira wọn.

Mo bi Màmá bóyá òun ló fi pẹ́ńsù ṣírò. Ó ní rárá, bí ẹni tó ná an ṣe fún òun nìyẹn, pé owó ọkọ̀ ni òun fi pamọ́ kóun lè rí nǹkan wọlé lọ́jọ́ tóun bá padà sí Jàmáíkà. Ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó dé ọ̀hún, dọ́là méjì ò gbé èèyàn kọjá títì mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, sẹ́ǹtì mẹ́wàá la ṣì ń pè ní ṣílè, ó pẹ́ ká tó jáwọ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà nìyẹn! Kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ṣílè ni lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi kú, nítorí pé náírà méjì ni wọ́n kà sí pọ́n-ùn kan lọ́dọ̀ tiwa náà ní 1973, bí wọ́n ṣe ka dọ́là méjì sí i ní Jàmáíkà.

"Orí ta ló wà lórí tiyín?" ni Màmá bi mí. Mo ní Herbert Macaulay wà lórí náírà kan láti 1979, pé àwọn òyìnbó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n mú un wá ọjọ́ Ẹtì, kóun náà wò ó.

Mi ò ní in. Álíbọ́ọ̀mù mẹ́ta, kò sí náírà kan ṣoṣo níbẹ̀.

Mo pe àbúrò mi n'Íbàdàn ní bí aago mẹ́sàn-án. Mo ní kó bá mi wo inú agolo bísíkíìtì bàbá wa, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ ná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, náírà kan? Kí lẹ fẹ́ fi rà?"

Mo ní kó ṣáà wò ó. Ó ní iná ò sí, ó di àárọ̀.